Ìkarahun Ìgbín Inú Àpótí Pèmí

Fìyìnfólúwa fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ìtàn yìí. Mo sọ fún un pé màá yí orúkọ padà, màá sì dẹ ọ̀rọ̀ náà lójú díẹ̀. Ó kọ̀. "Bí o bá dẹ̀ ẹ́," ó ní, "àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lónìí á rò pé nǹkan kékeré ni mo ṣe." Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, bó ṣe rojọ́ ara rẹ̀ fún mi ni mo ṣe gbé e sílẹ̀ yìí, àfi ibi tí inú bá ti bí mi ju òun alára lọ.

Ọdún tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà náà kò ní gbàgbé. Ọṣẹ ìfọṣọ di ohun tí àgbàlagbà ń tò sórí ìlà fún, ẹni tó bá sì yà kúrò lórí ìlà, sójà á nà án. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì wọ́n bí ojú. Tó bá kú, èèyàn á sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, bóyá ẹ̀mí díẹ̀ á padà sínú rẹ̀.

Fìyìn ń kọ́ iṣẹ́ rádíò ní Odigbo, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọláníran. Ó ti lo ọdún méje níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀, síbẹ̀ òun ló ṣì ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ kò tíì ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù ni ọ̀gá ń gbàdúrà fún ọmọ iṣẹ́, tó ń fún un ní ìwé-ẹ̀rí, tí onítọ̀hún sì lè lọ dá dúró.

Olúrónkẹ́, ọmọbìnrin tí Fìyìn ń fẹ́, ti lóyún oṣù mẹ́ta. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá rẹ̀ ní Ajue, kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọma mi kò ní wọ ulé ẹni tí wọ́n ṣì ń rán níṣẹ́," ó wí fún Fìyìn. "Mú ìwé uṣẹ́ rẹ wá, ká sọ̀rọ̀ ìyàwó. Bí oyún yẹn bá sọ̀ kí o tó mú un wá, èmi ni mo lọmọ. Orúkọ mi ni yóò máa jẹ́."

Fìyìn dọ̀bálẹ̀ fún Ọláníran lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí ọ̀gá òun ṣàánú òun.

"Má kánjú, Fìyìn," Ọláníran dá a lóhùn. "Jẹ́ kí Pèmí yìí kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọdún yìí ò ní parí kí n tó tú ọ sílẹ̀."

Ọdún yìí ò ní parí. Àmọ́ oyún kì í dúró de òpin ọdún.

Pèmí yìí gan-an ló bí gbogbo ọ̀rọ̀. Àpótí onígi méjì ni, wáyà gígùn so wọ́n pọ̀. Bí ẹni tó wà nídìí ọ̀kan bá tẹ bọ́tìnì, èkejì á dún, wọ́n á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀ọ́fíìsì dé ìdí ẹ̀rọ ìlagi. Irú rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ òyìnbó tipẹ́, ṣùgbọ́n ti òyìnbó ń jẹ bátìrì bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Ti Ọláníran máa ń sùn ni. Bí ẹnikẹ́ni ò bá pè é, kì í fọwọ́ kan bátìrì rárá. Bátìrì tó ti kú fún tọ́ọ̀ṣì á tún ṣiṣẹ́ oṣù méjì nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìlagi kan ní Ore rà á. Gàzálì, alága àwọn onímọ́tò ní gáréèjì Ore, ra méjì.

Elisha náà ń ṣe tirẹ̀ ní Ore. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ òun àti Ọláníran níṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì tóbi ju ti Ọláníran lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bátìrì kì í lò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ nínú àpótí rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń dá a padà, wọ́n sì ń bi í níṣojú àwọn èèyàn pé ìgbà wo ni tirẹ̀ náà máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń sùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fìyìn lọ ra òjé tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ ní Ore. Elisha pè é wọlé, ó fún un ní àga, ó sì fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó tutù. Ó tó ọdún kan tí Fìyìn ti mu irú rẹ̀ gbẹ̀yìn.

"Ọdún mélòó lo ti lò lọ́dọ̀ Ọláníran?"

"Méje, sà."

"Èmi àti ẹ̀ lo mẹ́rin. Kí ló ní kí o máa dúró dè?"

"Wọ́n ní kí n ní sùúrù, sà."

"Ọmọ tó wà nínú Olúrónkẹ́ ńkọ́, ṣé òun náà ń ní sùúrù?"

Fìyìn gbé ọtí náà sílẹ̀. Kò mọ ẹni tó sọ fún un.

Elisha fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Ya àwòrán ohun tó ń jẹ́ kí àpótí yẹn sùn fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi á ṣe fírídọ̀ọ̀mù rẹ, màá fún ọ níwèé-ẹ̀rí, màá sì fi ọ́ ṣe olórí àwọn òṣìṣẹ́ mi."

"Ṣé kì í ṣe olè nìyẹn, sà?"

"Olè a máa gbé nǹkan lọ. Ìwọ kí lo fẹ́ gbé? Gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí o bá ṣe tán."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà. Fìyìn ní bóun ṣe ń pa dà sí Odigbo nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ń ta sánsán nímú òun. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń jà pẹ̀lú ara rẹ̀. Kò lè jẹun. Á mú irin tí wọ́n fi ń jó òjé lọ́wọ́, kò ní mọ ohun tó fẹ́ fi í jó. Ohun tó dá a dúró ni pé kò mọ inú àpótí náà. Gbogbo ara Pèmí ni Fìyìn lè fi ojú dídì tò pọ̀, àfi ẹ̀yà tó ń mú un sùn. Ọláníran nìkan ló ń ṣe ìyẹn, tó bá sì ti ṣe é tán, á fi ọ̀dà dí i pa.

Sátidé kan, Ọláníran fẹ́ lọ sìnkú ìbátan rẹ̀ kan ní Àgọ́ Aláyè. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn, ó nà án sí Fìyìn.

"Ìwọ nìkan ni mo lè fi èyí sílẹ̀ fún," ó wí. "Oníṣẹ́ ìlagi á wá gbé tiẹ̀. Parí èyí tó kù."

Fìyìn ní ká ní ó fún òun ní kọ́kọ́rọ́ náà láìsọ̀rọ̀ ni, bóyá òun ò bá má ṣe é. Èmi ò gbà á gbọ́. Bóyá òun náà ò gbà á gbọ́.

Ó tilẹ̀kùn. Ó mú ẹ̀yà tí Ọláníran ti dí pa jáde nínú àpótí irinṣẹ́, ó fi ọ̀bẹ gbígbóná tú ọ̀dà rẹ̀. Ó mú bébà, ó ya gbogbo ohun tó rí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi nọ́ńbà sí wọn lára. Èyí tó ṣe ìkẹsàn-án ni àfọ́kù ìkarahun ìgbín kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, tí wọ́n fi wáyà bàbà yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n sì fi òwú pupa so.

Kò yà á lẹ́nu. Lásìkò yẹn, kò sí ohun tí kò lè di ara rádíò. Ẹ̀yà tó yẹ kó ti Èkó wá kò wá mọ́. Ọláníran ti yí wáyà mọ́ èso ẹ̀kùrọ́ rí, ó ti fi ẹ̀kọ tútù lẹ ẹnu ẹ̀rọ tó ya, ó sì dún. Fìyìn rò ó pé ìkarahun ìgbín kì í gbóná, pé ọgbọ́n ibẹ̀ nìyẹn. Ó yà á dáadáa, ó kọ ọ́ sí i lára pé: "Èyí ni gan-an."

Ó tún fi ọ̀dà dí i padà. Elisha ò parọ́ ní ti ibẹ̀ yẹn: gbogbo nǹkan ṣì wà níbẹ̀.

Elisha gbé àwòrán náà lọ fún lọ́yà kan ní Èkó. Ó fẹ́ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní páténtì. Ẹni tó bá gba ìwé yìí lórí ọgbọ́n kan, òun ni òfin mọ̀ pé ó ni ín, ẹlòmíràn ò sì gbọ́dọ̀ ṣe é mọ́. Fìyìn bi í léèrè fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀.

"Jẹ́ kí ìwé jáde ná," Elisha wí.

Sùúrù tí Ọláníran ní kó ní náà ni. Oyún ti pé oṣù márùn-ún.

Elisha ò tilẹ̀ dúró de ìwé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpótí tuntun. Ó rán èèyàn lọ sí Ajue lọ ra ìkarahun ìgbín lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Àwọn yẹn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń béèrè bóyá ọ̀gá rádíò fẹ́ máa se ọbẹ̀.

Nígbà tí ìwé jáde, lẹ́tà lọ́yà dé Odigbo. Ọláníran kà á sókè fún Fìyìn nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kó má ṣe ṣe Pèmí mọ́ láéláé, pé Elisha ló ni ín.

"Ta ló ṣe irú èyí fún mi?" Ọláníran béèrè.

Fìyìn ń wo ilẹ̀. "N ò mọ̀, sà."

"Wọn ò lè gbà á lọ́wọ́ mi. Màá tẹ̀ lé wọn dé Èkó. Oníṣẹ́ ìlagi á jẹ́rìí mi, Gàzálì á jẹ́rìí mi."

Bí Elisha ṣe gbọ́ èyí, ó ránṣẹ́ pe Fìyìn. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fún un lọ́tí. Ìwé kan ló tì síwájú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Ọláníran ń ṣe rádíò tó ń fọhùn sínú afẹ́fẹ́, pé ó ń fi í bá àwọn ọ̀tá ìjọba sọ̀rọ̀. Lásìkò tí sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, ọ̀rọ̀ yìí lè gba ẹ̀mí èèyàn.

"Irọ́ ni, sà," Fìyìn wí. "Wáyà ni Pèmí ń gbà."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n á fi dẹ́rù bà á, á sì gbàgbé Èkó."

"N ò lè fọwọ́ sí i."

Elisha ṣí dúrọ́ọ̀, ó fa àwòrán Fìyìn yọ. "Ọwọ́ ta ló kọ èyí? Ṣé kí n fi han Ọláníran lónìí, àbí kí n ṣe fírídọ̀ọ̀mù rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Ó fọwọ́ sí i. Ó ní bí òun ṣe ń fọwọ́ sí i, òun ń bá ara òun sọ pé ọjọ́ méjì ni, ọjọ́ méjì péré ni. Ẹni tó bá ti mi ìgbín, ìkarahun rẹ̀ kì í ṣòro fún un láti jẹ mọ́.

Àwọn sójà dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọláníran fẹ́ ṣàlàyé, ọ̀kan nínú wọn sì gbá a létí òsì. Ó ṣubú lu tábìlì iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ihò etí náà bí wọ́n ṣe ń gbé e sínú ọkọ̀. Ní àgọ́ wọn tó wà lẹ́bàá títì Ore ni wọ́n tì í mọ́.

Ọjọ́ méjì kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá.

Ìyàwó Ọláníran, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bùnmi, wá bá Fìyìn nínú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin yìí ló fi oúnjẹ bọ́ ọ fún ọdún méje. Ó kúnlẹ̀ fún un. Ẹ gbọ́ mi: obìnrin àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀.

"Ọma mi, ìwọ lo mọ inú àpótí yẹn. Bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe rádíò."

Fìyìn fà á dìde.  Ohun tó rí ṣe kò ju pé ó gba abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbé e tẹ̀ lé e lọ sí àgọ́ sójà lójoojúmọ́. Wọn ò jẹ́ kí wọ́n rí Ọláníran. Wọ́n ń gba oúnjẹ, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lójú wọn.

Ó sọ fún Olúrónkẹ́. Òun nìkan ló sọ fún. Olúrónkẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí ikùn rẹ̀ bíi pé ó gbóná.

"Lọ sọ òtítọ́," ó wí.

"Wọ́n á tì mí mọ́lé. Ta ló máa fẹ́ ọ?"

"Mo ní kí o lọ sọ òtítọ́, Fìyìn."

Kò lọ. Ó ní ikú wu òun ju kóun lọ, síbẹ̀ òun ò kú, òun ò sì lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀gá sójà kan ti Àkúrẹ́ dé. Iṣẹ́ rádíò ló ń ṣe nínú iṣẹ́ ológun. Ó ní kí wọ́n mú Ọláníran jáde, kí wọ́n lọ pe Elisha wá, kí wọ́n sì gbé àpótí wá. Abẹ́ igi máńgòrò níwájú àgọ́ ló jókòó sí. Àwọn àgbẹ̀ tó ń dúró de ọkọ̀, àwọn ará gáréèjì, Gàzálì, gbogbo wọn yí i ká. Ìyá Bùnmi dúró, Fìyìn gbé abọ́ oúnjẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Elisha dé pẹ̀lú páténtì rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun lòfin mọ̀, pé olè ni Ọláníran, àti pé ọ̀tá ìjọba ni.

Ọ̀gá sójà ṣí Pèmí kan tí wọ́n gbé láti gáréèjì. Ó ṣí ọ̀kan nínú ti Elisha. Ó wo àwòrán tó wà nínú páténtì. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ẹ̀yà kẹsàn-án," ó wí. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé òun ló ń dá iná bátìrì dúró. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Elisha ti Fìyìn síwájú. "Ẹni yìí mọ̀ ọ́n, sà. Ọ̀dọ̀ Ọláníran gan-an ló ti wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Fìyìn wí. "Òun ló ń jẹ́ kó sùn."

Ọ̀gá sójà yíjú sí Ọláníran. Ó ní láti bi í lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́. "Ìwọ ńkọ́? Kí ni iṣẹ́ ìkarahun yìí?"

"Kò níṣẹ́ kankan, sà," Ọláníran dáhùn. "Àálè ni."

Àwọn èèyàn súnmọ́ ọn sí i.

"Bí a bá ṣẹ́gi sẹ́bàá oko tí a ò tíì lè rù ú," Ọláníran ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "a ó so nǹkan lé e, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé ó lólúwa. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ṣí àpótí yìí lọ́jọ́ kan. Mo ní kó bá ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀."

Ọ̀gá sójà mú ẹ̀mú, ó já ìkarahun náà kúrò nínú Pèmí. Ó ní kí Gàzálì gbé àpótí kejì lọ sí ìdí títì. Bọ́tìnì dún.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi níbẹ̀ yẹn?" Ohùn Gàzálì jáde, ó mọ́ gaara.

Ó padà wá, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì wo Elisha láti òkè délẹ̀. "Elisha, o jí igi, o rù ú tòun tàálè. O tún gbé e dé Èkó kí wọ́n bá ọ lù ú lóǹtẹ̀."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Fìyìn ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ajue ni. Ó ti ń rí àálè láti kékeré. Ìyá bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kó gba ẹ̀gbẹ́ igi tó ní àálè kọjá, ó ní ojú ń ti ẹni tó bá fọwọ́ kàn án títí dọjọ́ ikú. Ojú tó mọ̀ ọ́n lẹ́bàá oko ni kò mọ̀ ọ́n nínú àpótí.

"Wáyà lèyí ń gbà, kì í ṣe afẹ́fẹ́," ọ̀gá sójà wí. "Ta wá ló kọ̀wé pé rádíò ọ̀tá ni?" Ó mú ìwé náà, ó ka orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sókè. "Fìyìnfólúwa. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Bùnmi yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Ó wo Fìyìn, ó wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nawọ́, ó gba abọ́ náà.

"Ìwọ lò ń bá mi gbé e láti ọjọ́ yìí," ó wí. Kò pariwo.

Wọ́n ti Elisha mọ́ inú yàrá tí Ọláníran ti jáde. Wọ́n na Fìyìn, wọ́n lé e lọ. Kí oṣù náà tó parí, Elisha kọ̀wé sí Èkó pé kí wọ́n fagi lé páténtì náà. Ṣùgbọ́n etí òsì Ọláníran kò là mọ́. Ẹni tó ń fi etí wá àléébù inú ẹ̀rọ ni. Kò ṣe Pèmí mìíràn mọ́.

Oyún pé oṣù mẹ́jọ. Fìyìn ò níbi tó máa yà sí. Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú kan, ó lọ dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Ọláníran, ó sì wà níbẹ̀ títí Ọláníran àti ìyàwó rẹ̀ fi ti ìsìn dé. Ọláníran kọjá lára rẹ̀ wọlé. Nígbà tó jáde, ìwé-ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọ orúkọ Fìyìn síbẹ̀, ó sì ti fọwọ́ sí i.

"Ọdún méje lo fi sìn mí," ó wí. "O mọ uṣẹ́. N ò ní parọ́ mọ́ ọ."

Fìyìn bú sẹ́kún. Ọláníran ká ìwé náà róbótó. Ó fa àfọ́kù ìkarahun yọ lápò rẹ̀, èyí tí ọ̀gá sójà já lára Pèmí, ó fi òwú pupa so ó mọ́ ìwé náà yípo, ó ta á ní kókó mẹ́ta, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ ní etí yìí," ó fọwọ́ kan ti òsì, "màá tú u fún ọ."

Fìyìn gbé e lọ sí Ajue bẹ́ẹ̀. Bàbá Olúrónkẹ́ nawọ́ láti gbà á, ó rí ohun tó wà lára rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ padà.

"Ta ló fi àálè lé ìwé rẹ?"

Fìyìn rojọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, níṣojú Olúrónkẹ́. Nígbà tó parí, bàbá náà dìde. "Ẹni tó bá so ó ló ń tú u," ó wí. "Padà lọ bá a."

Ọkùnrin ni Olúrónkẹ́ bí. Orúkọ bàbá ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́ títí dòní.

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Fìyìn fi ń lọ sí Odigbo ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú. Ọláníran kì í lé e. Á na ọwọ́ sí àga tó wà lápá òsì rẹ̀, Fìyìn á jókòó, á sì máa bẹ̀bẹ̀ sí etí náà. Wọ́n sìnkú Ọláníran nínú oṣù karùn-ún ọdún kejìlá.

Mo bá Fìyìn délé ní Ore kí n tó kọ èyí. Ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn ló ti ń tún rádíò ṣe títí tó fi dàgbà. Ìwé náà wà lórí pẹpẹ nínú yàrá rẹ̀, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òwú náà ti ṣá. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tú u láti ọjọ́ yìí, nígbà tí kò sí ẹni tó máa mú un.

Ó fi ọwọ́ nu eruku lára ìwé náà.

"Èmi kọ́ ni mo so ó," ó wí.